Owó Inú Ilé: Owó Tí Kò Lẹ́ni Tí À Ń Bẹ̀

Mo kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń ní kí ọmọ ka abala yìí sí yín létí. Ẹ sọ fún ọmọ náà kó má kánjú kà á lónìí, torí ọ̀rọ̀ tòun náà wà níbẹ̀.

Láàárín oṣù mẹ́ta yìí, ọ̀rọ̀ kírípítò ni wọ́n ń gbé wá bá mi láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá awo kan ní Ọ̀yọ́ ní ọmọ awo òun tó wà ní Brazil fẹ́ san owó ìtẹ̀fá, ó wá ní kí bàbá fi àdírẹ́sì USDT ránṣẹ́. Bàbá ní, "Àdírẹ́sì kẹ̀? Ṣebí ó ti wá sílé mi rí!" Ìyá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọmọ òun tó ń kàwé ní LAUTECH ń ra Bitcoin, òun ò mọ̀ bóyá kí òun bá a wí ni àbí kí òun fún un lówó sí i. Ẹgbẹ́ kan tún wà tí wọ́n fẹ́ẹ̀ jà lórí owó ọdún. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká fi ra Bitcoin kó lè pọ̀ kí oṣù kẹjọ tó dé, àwọn àgbà ní ẹnikẹ́ni ò ní fi owó Ṣàngó ta tẹ́tẹ́.

Gbogbo wọn ni mo fẹ́ dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: kí ni owó yìí, báwo la ṣe ń rà á, báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀, báwo la ṣe ń ná an. Ìtọ́jú ni màá dúró lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni ẹkún ti ń wọlé.

Àjọ tí kò ní alájọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a mọ̀. Owó ẹyọ tí à ń lò lónìí fún ìbọ, tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń da ẹ̀ẹ́rìndínlógún, owó ọjà ni tẹ́lẹ̀. Ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Kò sí ọba Yorùbá tó tẹ owó ẹyọ jáde. Inú òkun ló ti wá, láti erékùṣù Maldives lọ́nà jíjìn réré. Ohun tó sọ ọ́ dowó ni pé gbogbo ọjà gbà á, kò sì sẹ́ni tó lè jókòó sílé kó máa dá a ṣe. Nígbà tó di ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò òyìnbó rí irú rẹ̀ mìíràn lápá Zanzibar, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etíkun wa ṣáá. Owó ẹyọ wá pọ̀ ju ọjà lọ, iye rẹ̀ já wálẹ̀. Nígbà tí ṣílè àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbòde, ẹni tó ri ìkòkò owó ẹyọ mọ́lẹ̀ kò rí nǹkan fi rà mọ́.

Mo sọ ìtàn yìí kí ẹ lè mọ̀ pé owó tí ìjọba kò tẹ̀ kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa, àti pé owó tí gbogbo ayé gbà lónìí, ayé lè kọ̀ ọ́ lọ́la.

Bitcoin ni àgbà nínú kírípítò. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto, tí ayé ò tíì mọ̀ títí dòní, kọ bí yóò ṣe rí sílẹ̀ ní 2008, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2009. Ẹ wò ó bí àjọ tí kò ní alájọ. Nínú àjọ tiwa, ìwé kan ló wà, ọwọ́ alájọ ló sì wà. Bí alájọ bá sá lọ, ìwé bá a lọ. Nínú ti Bitcoin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ló ní ẹ̀dà ìwé kan náà. Bí mo bá san owó fún yín, gbogbo wọn ló máa kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n dá a padà. Iye Bitcoin tó máa wà láyé kò ní ju mílíọ̀nù 21 lọ. Ibi tó ti yàtọ̀ sí owó ẹyọ Zanzibar nìyẹn.

Bitcoin kan pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù 100, ìdá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní satoshi. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé odidi kan lẹ gbọ́dọ̀ rà. Ẹni tó ní ₦5,000 lè ra ti ₦5,000.

USDT yàtọ̀ ní tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Tether ló ń ṣe é, wọ́n so ó mọ́ dọ́là: USDT kan, dọ́là kan. Kì í fò sókè fò sódò bíi Bitcoin. Òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ará òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń gbowó, òun náà sì ni ọmọ awo ará Brazil yẹn ń sọ.

Owó tó ní ọjọ́

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ tó ń jiyàn, ẹ gbọ́. Ní oṣù kọkànlá 2021, Bitcoin kan ju dọ́là 68,000 lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 2022, kò tó 17,000 mọ́. Ẹni tó fi dọ́là 400 sí i ń wo nǹkan bí 100. Lóòótọ́, ó tún gòkè lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì kọjá ibi tó wà tẹ́lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n oṣù kẹjọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ta àgbò ò ní gbọ́ pé ọjà ti wálẹ̀, onílù ò ní gbọ́, ẹni tó ń ta orógbó ò ní gbọ́. Láti 2023 tí UNESCO ti kọ ọdún Ṣàngó ìlú Ọ̀yọ́ mọ́ àwọn àjogúnbá ayé, ojú tó ń wò wá tún ti pọ̀ sí i. Owó tó bá ti ní ọjọ́ tí a máa ná an, owó ọdún, owó ilé ìwé, owó ilé, owó òògùn, ẹ má fi ra Bitcoin. Àwọn àgbà ló jàre níbí yìí.

Ṣé òfin gbà á?

Ní oṣù kejì 2021, CBN pàṣẹ fún àwọn báńkì pé kí wọ́n ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò kírípítò. Ní oṣù kejìlá 2023, CBN kan náà tú okùn yẹn, ó ní báńkì lè bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ da owó pọ̀. Ní oṣù kẹta 2025, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun tó fi ọ̀rọ̀ kírípítò sábẹ́ àkóso àjọ SEC. Rírà á kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ lu jìbìtì ló yẹ ká sá fún. Ìpínlẹ̀ wa níbí náà ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2025, CBEX dẹnu kọlẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan. Lójijì, kò sẹ́ni tó rí owó gbà jáde mọ́. Wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kọ́kọ́ san dọ́là 100 tàbí 200 kún un. Àwọn èèyàn ya bo ọ́fíìsì wọn ní Òkè Àdó n'Ìbàdàn, wọ́n ń ru àga jáde. SEC ní àwọn ò fún wọn níwèé àṣẹ rárá. Àga mélòó ló fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ? Bẹ́ẹ̀ MMM ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí ní oṣù kejìlá 2016.

Bitcoin kì í bímọ lóru, USDT kì í dédé di méjì. Ẹni tó bá ní iye kan pàtó ni ẹ ó máa jẹ lóṣooṣù, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ì báà wọ ìlẹ̀kẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ì báà mọ Ifá kì títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ dìde.

Bí a ṣe ń rà á

Ẹ lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí SEC mọ̀. Ní oṣù kẹjọ 2024, Busha àti Quidax ni SEC kọ́kọ́ fún ní àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo orúkọ tó wà lójú ìwé SEC fúnra yín kí ẹ tó fowó sílẹ̀. Wọ́n máa bèèrè NIN tàbí BVN, wọ́n á ya fọ́tò ojú yín. Orúkọ ara yín ni kí ẹ fi ṣí i, kì í ṣe orúkọ ọmọ aládùúgbò tó bá yín tẹ fóònù. Ẹ óò fi náírà ránṣẹ́ láti báńkì yín, ẹ óò sì rí kírípítò nínú áàpù náà.

Ọ̀nà kejì ni P2P, ìyẹn kí èèyàn rà lọ́wọ́ èèyàn. Ilé-iṣẹ́ á di kírípítò mú títí ẹni tó tà á fi máa sọ pé owó ti dé. Bí ẹ̀yin lẹ bá ń tà, ẹ má wo áláàtì tó wọlé sórí fóònù. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ rí owó náà pẹ̀lú ojú yín, kí orúkọ tó fi ránṣẹ́ bá orúkọ tó wà lórí áàpù mu, kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Áláàtì ayédèrú pọ̀ nígboro.

Ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì. Ọmọ tó bá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí owó kan gba ọ̀dọ̀ yín kọjá," ẹ bi í léèrè owó ta ni. Bó bá jẹ́ owó Yahoo, àkáǹtì yín ni wọ́n máa tì, ẹnu ọ̀nà yín ni EFCC máa dúró sí.

Iye wo la fi ń bẹ̀rẹ̀? Èmi máa ń sọ pé iye aṣọ ẹbí kan. Iye tó jẹ́ pé bí ẹ ò bá rà á, ojú lè tì yín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ò ní wọ́n nílé.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti rà á, bí ẹni fi owó sí báńkì. Ó rọrùn, ẹ lè rí ẹni pè. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ náà bá wó, owó yín wà lábẹ́ rẹ̀. Bí FTX ṣe ṣe nìyẹn ní oṣù kọkànlá 2022, ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù láyé sì ni.

Èkejì, ẹ kó o sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì tiyín lórí fóònù. Nígbà tí ẹ bá ń ṣí i, fóònù á fún yín ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá, nígbà mìíràn mẹ́rìnlélógún, tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni owó yín. Fóònù lè sọnù, ó lè bọ́ sómi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà, ẹ fi wọ́n sí fóònù mìíràn, owó dé. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù tí fóònù náà bàjẹ́, ó parí. Ẹnikẹ́ni tó bá sì rí ọ̀rọ̀ náà, òun ló lowó.

Ohun tí mo rí nìyí. Ọ̀dọ́kùnrin kan, ọmọ ilé oníṣàngó, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ará òkèèrè, USDT ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Ó kú lójijì lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe ogójì ọjọ́, ìyàwó rẹ̀ gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ọmọ lẹ́yìn. Ó mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti fi hàn án rí, owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ilẹ̀ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí fóònù ni kò mọ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Wọ́n bá a ṣí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣí i ni wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù. A tú àpótí ìwé ọkọ rẹ̀, a tú Bíírò, a tú àpò aṣọ. A ò rí ọ̀rọ̀ méjìlá kankan. Ó wá bi mí pé, "Bàbá mi, ta ni ká lọ bẹ̀?"

Ìbéèrè ọmọ Yorùbá gidi nìyẹn. Nílé wa, kò sí ohun tí kò ní ẹni tí à ń bẹ̀. Báńkì ní mánéjà. Alájọ ní ìyá tó bí i. Òrìṣà pàápàá, bó bá bínú, ó ní ohun tí a fi ń tù ú. Owó yìí kò ní. Kò sí ọ́fíìsì, kò sí ọ̀gá, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè bá yín mú ọ̀rọ̀ méjìlá tó sọnù padà. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àìmọ̀wé. Ní 2013, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Newport, ní Wales, ṣèèṣì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí kọ́kọ́rọ́ Bitcoin rẹ̀ wà nínú rẹ̀ bá pàǹtírí lọ sórí ààtàn ìlú. Ó ní ó tó nǹkan bí 8,000 Bitcoin. Ó bẹ ìjọba ìlú, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọn ò gbà kó hú ààtàn náà.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ni kọ́kọ́rọ́ ojúbọ ilé yín wà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí àgbà tó ń bọ ọ́ bá sùn tí kò jí, ṣé títì ni ojúbọ á wà? Rárá. Ẹnì kan wà tí wọ́n ti fi hàn. Ilé wa mọ bí a ṣe ń pa awo mọ́, ó sì mọ bí a ṣe ń fi awo lé ẹni tó kàn lọ́wọ́. Ohun méjèèjì yẹn ni owó yìí ń fẹ́. Ẹni tó pa á mọ́ jù ló fi ìyàwó sílẹ̀ lófo, ẹni tó sọ ọ́ fún gbogbo ayé ni olè máa kó.

Nítorí náà, báyìí ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi bírò kọ ọ̀rọ̀ náà sórí pépà, kí ẹ fi nọ́ńbà sí i láti 1 dé 12. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má kọ ọ́ sínú ímeèlì. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan wà nílé yín, kí èkejì wà nílé mìíràn, ní ìlú mìíràn bó bá ṣeé ṣe. Ẹ má pín in sí méjì kí ẹnì kan mú mẹ́fà, kí ẹnìkejì mú mẹ́fà. Bí ìdajì bá sọnù, gbogbo rẹ̀ ló sọnù. Ẹ sì má fi í sábẹ́ òrìṣà. Mo mọ̀ pé ọkàn yín balẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ epo, omi àti iná àtùpà kì í jẹ́ kí pépà pẹ́.

Kí ẹ tó kó owó ńlá sí i, ẹ fi ₦2,000 dán an wò. Ẹ yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù, ẹ gbé e padà, ẹ fi ọ̀rọ̀ yín ṣí i. Bí ₦2,000 yín bá jáde, ìwé yín péye. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pépà sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ buwọ́ lù ú lójú ibi tí ẹ ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ wá yan ẹnì kan, ẹnì kan péré, tó máa mọ̀ pé àpòòwé wà àti ibi tó wà. Kò di dandan kó mọ iye owó. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ni owó yín wà, ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà àti ímeèlì tí ẹ fi ṣí i sílẹ̀ fún ẹni náà, kí ẹbí lè mọ ibi tí wọ́n máa kó ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ilé ẹjọ́ lọ.

Ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìdáhùn yín rèé. Ẹ má bá ọmọ wí torí pé ó rà á, ẹ má sì fún un lówó sí i títí ẹ ó fi gbọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan. Mo mọ̀ pé abiyamọ kì í fẹ́ fẹnu kan ikú ọmọ. Ẹ gbé e gba ọ̀nà fóònù: "Bí wọ́n bá já fóònù ẹ gbà ní Tákìé, báwo lo ṣe máa rí owó ẹ?" Bó bá ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀," ẹ ní kó fi àpòòwé hàn yín. Bó bá ń tanná wo inú fóònù, tó ní fọ́tò rẹ̀ wà níbì kan, ẹ jókòó ti í kó kọ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe ń ná an

Ẹ má retí pé ìyá aláṣọ l'Ákẹ̀sán máa gba Bitcoin. Náírà ni ọjà ń gbà. Ẹ óò tà á lórí áàpù tí ẹ fi rà á, owó á wọ báńkì, ẹ óò wá ná an bí ẹ ṣe ń ná owó yín.

Ibi tó ti wúlò fún wa jù ni owó tó ń ti òkèèrè bọ̀. Bàbá wa l'Ọ́yọ̀ọ́, àdírẹ́sì tí ọmọ awo yín ń bèèrè dà bíi nọ́ńbà àkáǹtì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn ni, ẹ lè fún un láìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni ẹ ò gbọ́dọ̀ fún un. Ọ̀nà tí USDT ń gbà rìn ju ẹyọ kan lọ. Ti Tron, àdírẹ́sì rẹ̀ ń fi T bẹ̀rẹ̀. Ti Ethereum ń fi 0x bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ sọ èyí tí ẹ máa lò, torí owó tó bá gba ọ̀nà tí kò yẹ lè má dé mọ́. Ẹ má fọwọ́ tẹ àdírẹ́sì, ẹ ní kí ọmọ bá yín dà á kọ lórí fóònù, kí ẹ wá fi ojú wo lẹ́tà bíi mélòó kan níbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Kó kọ́kọ́ fi dọ́là 5 ránṣẹ́. Bí ìyẹn bá dé, kó fi ìyókù tẹ̀ lé e. Ẹ sì ti bá a sọ ṣáájú ẹni tó máa san owó ìfiránṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ ìtẹ̀fá má di ọ̀rọ̀ ìjà.

Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín, tó ní ilé-iṣẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì ló rán òun, pé kí ẹ ka ọ̀rọ̀ méjìlá fún òun kí òun lè bá yín tún un ṣe, olè ni. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó ń bèèrè rẹ̀. Ẹ pa fóònù náà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Àwọn ọmọ ló mọ áàpù, àwa la mọ bí a ṣe ń fi awo lé ẹni lọ́wọ́. Kí oṣù yìí tó parí, ẹ pe ara yín jọ nínú ilé, ẹ bèèrè ta ló ní kírípítò, ẹ bèèrè àpòòwé. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ fi ránṣẹ́ kí ìwé wa tó ń bọ̀ tó jáde. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ àjọ àwọn obìnrin inú ọjà la máa sọ.

Kówó wa má sọnù, ká má fi ọwọ́ ara wa ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ wa. Ire o.